Ọ̀rọ̀ kọ̀, orin ò kọ̀: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, apá ọ̀tún wọn rọ, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì di “bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ fẹ́ mu omi? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti mu ún? Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wí, ẹnu ni kò jẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á bú sẹ́kún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń ká aṣọ wọn, mo ń kọ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ wá sùn ní kékeré. Mo gbàgbé ìlà kejì. Ni wọ́n bá gbà á lẹ́nu mi, wọ́n kọ ọ́ dópin, ó mọ́ ketekete. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò ya ẹni tó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́nu rárá. Ó ní apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ sábà máa ń wà, ibẹ̀ ló sì bàjẹ́. Orin ń lo apá ọ̀tún pẹ̀lú. Ọgbọ́n yìí ti wà nínú ìwé ìṣègùn láti 1973: ẹ ó fi ohùn orin wí gbólóhùn kékeré, ẹ ó máa fi ọwọ́ òsì aláìsàn lu tábìlì tẹ̀ lé e, ẹ ó wá máa yọ orin náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó gbà wá ní oṣù 4 kí bàbá mi tó wí “mo fẹ́ dìde” láìkọ ọ́ lórin. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ìyanu ni o, ojoojúmọ́ la fi ń lu tábìlì.

*Èsì:* Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ìyá wa àgbà kò mọ orúkọ mi mọ́. Ṣùgbọ́n bí orin ìgbà èwe wọn bá dún, wọ́n á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n jó?” A ó sì jó o. Ó tó mi.

*Èsì:* Tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Orin kan ń dún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a ní jàǹbá. Ó ti pé ọdún 6, síbẹ̀ bí mo bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àyà mi á já. Orin aládùn ni, ìyẹn ló tún bí mi nínú! Òun ni àbúrò mi fi jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ìta ni mo wà.

*Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:* Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti sọ fún un?

*Èsì:* Rárá. Ó rò pé fóònù ni mo lọ gbà.