Ìgbà wo lẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì lè padà sídìí irin gbígbé?

AdéBódìjà
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọmọkùnrin kan tí à ń kọ́ ní jíìmù já bọ́ lórí ọ̀kadà, ó forí gbálẹ̀. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló mì, pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ nìyí, orí kò fọ́ ọ mọ́. Irin kílò 100 ló ń fà nílẹ̀ (deadlift, ká bẹ̀rẹ̀ ká gbé irin látilẹ̀ títí a ó fi nàró) tẹ́lẹ̀. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ láti 50?

Kóòṣì Mọ́kọ́lá
Kó má tíì fọwọ́ kan 50. Orí tí kò fọ́ lórí ìjókòó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ tí ọkàn bá ti ń sáré. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, débi tó ṣì lè máa bá yín sọ̀rọ̀. Àárọ̀ kùtù ni o: oòrùn ọ̀sán nìkan tó láti mú kí òòyì kọ́ èèyàn, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti ọpọlọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi máàkì 0 sí 10 díwọ̀n orí fífọ́ àti òòyì. Tó bá fi ohun tó ju máàkì 2 lọ ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí kò rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan, kó dáwọ́ dúró. Lọ́la ni kó tún gbìyànjú. Bí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ mímì nínú eré ìdárayá ṣe fẹnu kò sí i ní Amsterdam ní 2022 nìyẹn.

FisioOlúyọ̀lé
Òótọ́ ni Kóòṣì sọ. Èémí ni n óò fi kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Téèyàn bá sé èémí fún irin, àyà á le, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti orí á falẹ̀, ìfúnpá inú agbárí á sì ga. Nítorí náà, dumbbell (irin kékeré àfọwọ́gbé) kílò 3 sí 5, lórí ìjókòó, ìgbà 12 sí 15, kó máa mí jáde bó ṣe ń tì í sókè. Irin tí kò ṣeé gbé láìsé èémí ti wúwo jù fún un báyìí. Fífà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kẹ́yìn, torí orí á lọ sílẹ̀, á tún gòkè. Tẹ́ ẹ bá fi kílò kún un, ẹ má fi iye ìgbà kún un lọ́jọ́ kan náà. Kó má sì lo paracetamol ṣáájú. Ó ń bo àmì mọ́lẹ̀.

Tó bá ń bì léraléra, tí oorun ń kùn ún ṣáá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń wọ́: pàjáwìrì UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ni, kódà lóru. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra jò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́.

AdéBódìjà
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ní òun ṣì ń jí lóru, iná sì ń ta òun lójú.

Kóòṣì Mọ́kọ́lá
Àmì nìyẹn náà. Ìdí ìrìn ló ṣì wà. Ẹ gbé dumbbell pamọ́.