Medium format àti lẹ́ńsì gígùn: èwo ló bá iṣẹ́ wa mu nílẹ̀ Òkun?

Ará Kàbà

Òkun ooo, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan náà ló ń wá léraléra lórí medium format (kámẹ́rà tí fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti 35mm tó wọ́pọ̀ lọ): ṣé Hasselblad ni ká rà, àbí Pentax 67, àbí Mamiya, àbí ká kúkú gba Fujifilm GFX, ti díjítà? Lẹ́ńsì gígùn (èyí tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni) ni gbogbo àwọn tó ń béèrè sì fẹ́, láti fi ya egúngún, ìyàwó àti òkè. Ẹni tó bá ti lo ọ̀kan kó wí ohun tí iṣẹ́ fi hàn án, ká má fi orúkọ kámẹ́rà ṣe fáàrí. Orí ìṣirò ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

Nọ́mbà ara lẹ́ńsì (gígùn rẹ̀ ní mm) máa ń tan ẹni tó ti ìdí kámẹ́rà 35mm wá. Ẹ gbé 300mm sórí Pentax 67, bíi 146mm orí 35mm ló máa rí. 250mm lórí Hasselblad 6x6 (fọ́tò rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú lóròó) dà bíi 137mm. 210mm lórí Mamiya 645 dà bíi 130mm. 250mm lórí GFX ló sún mọ́ 200mm.

Dípò kẹ́ ẹ máa há ìyẹn sórí, ẹ mú fífẹ̀ fíìmù, ẹ fi gígùn lẹ́ńsì pín in, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye mítà tó wà láàárín ẹ̀yin àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Fíìmù 6x6 fẹ̀ tó 56mm. Pẹ̀lú 250mm, ní mítà 30: 56 ÷ 250 × 30, ó jẹ́ 6.7. Fọ́tò yín á gba mítà 6.7 níbùú lóròó. Egúngún kan á dúró láàárín, èrò á kún ọ̀tún àti òsì. Kí egúngún gíga tó kún fọ́tò, ká ní mítà 3 lẹ fẹ́ gbà, ẹ ní láti sún mọ́ ọn dé bíi mítà 13. Níbi tí pàṣán bá ti ń ṣiṣẹ́, mítà 13 ò jìnnà rárá.

Ará Ògìdì

Ìṣirò yẹn pé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ṣọ́tà (ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí òun ló máa sọ bóyá ojú èèyàn á hàn lọ́sàn-án.

Ẹ mú oòrùn ọ̀sán gangan, fíìmù ISO 100: ṣọ́tà 1/125 (ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá) ní f/16 (nọ́mbà ihò lẹ́ńsì: bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i). Ìyàwó wé gèlè ńlá, òjìji gèlè bò ó lójú, ẹ fẹ́ fi fíláàṣì là á. Ṣọ́tà Pentax 67 wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kò sì lè bá fíláàṣì ṣe pọ̀ bó bá yára ju 1/30 lọ. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀, apá kan fọ́tò á gba iná, apá kejì á ṣú. Ní 1/30, oòrùn yẹn ti lé yín dé f/32. Inú lẹ́ńsì ni ṣọ́tà Hasselblad 500C/M wà ní tirẹ̀, fíláàṣì á bá a lọ dé 1/500, ẹ lè dúró ní f/8. Láti f/8 sí f/32, ìlọ́po 16 ni agbára tí fíláàṣì yín gbọ́dọ̀ fi lé. Èyí tó ń jókòó sórí kámẹ́rà ò lè ṣe é. Ẹ tún wò ó pé ní f/32, gbogbo àga oníke àti kánópì ẹ̀yìn ìyàwó ló máa hàn ketekete, nígbà tó jẹ́ pé torí ká lè fọ́ ẹ̀yìn la ṣe ra lẹ́ńsì gígùn.

Mamiya RB67 àti RZ67 náà ní ṣọ́tà nínú lẹ́ńsì, ó dé 1/400. Ẹ̀yìn wọn ń yí, ẹ lè ya ìdúró tàbí ìbùú láìgbé kámẹ́rà dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bellows (ohun tó ń nà tó ń ká bíi ẹwìrì) ni wọ́n fi ń fókọ́ọ̀sì, ó ń nà tó 46mm. Bó bá nà tán pẹ̀lú 180mm, ẹ fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop kún ìmọ́lẹ̀ (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀). Pẹ̀lú 250mm, ìdajì stop. Ẹni tí kò bá fi kún un á máa rò pé fíìmù òun ti gbó. Kámẹ́rà náà àti lẹ́ńsì rẹ̀ sì ju kílò 2.5 lọ, ẹ má gbé e lọ́rùn ká ìlú.

Ará Ìsánlú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ju Pentax 67 nù. Ẹni tó bá fẹ́ fíláàṣì lè wá 165mm f/4 rẹ̀, èyí tó ní ṣọ́tà tirẹ̀ tó dé 1/500. Fún òkè àti àpáta, 200mm f/4 àti 300mm f/4 rẹ̀ kì í wọ́n bíi ti Hasselblad.

Ìgbọ̀n ni wàhálà rẹ̀. Dígí inú rẹ̀, èyí tó ń fò sókè bẹ́ ẹ bá ń ya fọ́tò, tóbi, ó sì máa ń gbá gìrì. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, láti 1969, kò ní bọ́tìnnì tó ń gbé dígí sókè ṣáájú ṣọ́tà. Ẹ wá èyí tó ní in. Dígí nìkan kọ́ o. Ṣọ́tà náà wúwo, òun náà ń mi kámẹ́rà. Pẹ̀lú 300mm, ẹ yẹra fún 1/30 sí 1/4 bó bá ṣeé ṣe: ẹ yára kọjá 1/125, tàbí kẹ́ ẹ lọ́ra dé ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má fa ọ̀pá àárín tírípọ́dù sókè, ẹ gbé àpò iyanrìn kékeré lé orí lẹ́ńsì níbi tó ti bá kámẹ́rà pàdé, ẹ fi okùn ṣọ́tà tẹ̀ ẹ́.

Ohun méjì míì. Ṣéènì tín-ín-rín kan wà nínú kámẹ́rà tó so lẹ́ńsì pọ̀ mọ́ orí rẹ̀ tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀: ẹ yọ lẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó gbé orí náà lé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá lẹ́ńsì padà. Ẹni tó bá ṣe é lódìkejì lè já ṣéènì náà. Èkejì ni bátìrì 6V (4LR44): bó bá kú, ṣọ́tà ò ní ṣí rárá. Ẹ má retí pé ẹ ó rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ mú méjì dání.

Ará Kàbà

Òótọ́ ni. Hasselblad 500C/M ò nílò bátìrì, àmọ́ òun náà ní àrùn tiẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ kámẹ́rà náà kó kún (kó wà ní ìmúra láti yà) kẹ́ ẹ tó yọ lẹ́ńsì. Bí ọ̀kan bá kún tí èkejì ti tú, wọ́n á há mọ́ ara wọn. Ìwòsàn rẹ̀: ẹ yọ àpótí fíìmù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹ fi síkúrúdíráfà gígùn kan síkúrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí lẹ́ńsì, kẹ́ ẹ yí i bí ọwọ́ aago títí ẹ ó fi gbọ́ “kẹ́”. Bó bá yọ̀ lọ́wọ́ yín, dígí ẹ̀yìn lẹ́ńsì ló máa ha.

Ará Ẹ̀gbẹ́

Fún ẹni tí kò lè máa fi fíìmù ránṣẹ́ sí Èkó kó tó rí fọ́tò: GF 250mm f/4 àti GF 100-200mm f/5.6 ti Fujifilm ní ohun tó ń dá ìgbọ̀n ọwọ́ dúró nínú lẹ́ńsì, ó sì ṣe pàtàkì, torí GFX 50S àti 50R ò ní in nínú kámẹ́rà. GFX 100S ní in. Lẹ́ńsì Pentax 67 àtijọ́ náà ń jókòó sórí GFX pẹ̀lú àdápítà, ẹ óò máa fọwọ́ fókọ́ọ̀sì ni. Ẹ má fi lẹ́ńsì àjèjì sórí Hasselblad X1D, ti díjítà, láti ya egúngún tó ń jó: kò ní ṣọ́tà nínú ara, ṣọ́tà electronic (ti orí sẹ́ńsọ̀) nìkan ló kù, ó sì máa ń ka fọ́tò lọ́ra débi pé aṣọ eégún á wọ́.

Ará Mopa

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọyẹ́. Láti Oṣù Kejìlá, eruku ló wà láàárín yín àti òkè; lẹ́ńsì gígùn kàn ń kó eruku náà jọ sínú fọ́tò ni. Fíìtà pupa tàbí yẹ́lò kì í ran eruku ọyẹ́ lọ́wọ́ bó ṣe ń ran kùrukùru aláwọ̀ búlúù lọ́wọ́, torí eruku náà tóbi jù. Lọ́sàn-án, ooru tó ń ru lórí àpáta á tún máa mú ìlà òkè gbọ̀n. Kò sí lẹ́ńsì olówó ńlá tó lè tún un ṣe. Òwúrọ̀ kùtù ni, tàbí lẹ́yìn òjò.

Bẹ́ ẹ bá ń ra lẹ́ńsì àlòkù, ẹ ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, ẹ tan iná fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wò ó láti iwájú, kì í ṣe ní tààrà, kẹ́ ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́tà wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan rẹ̀: bó bá ń fà tàbí tó dúró lágbede méjì, ọ́ìlì ti gan. Ẹ má tọ́jú u sínú àpò awọ tó bá a wá, torí awọ ń gba omi nígbà òjò. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni kó wà, pẹ̀lú sílíkà gẹ́ẹ̀lì (hóró kéékèèké tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́). Bí èyí tó ní àwọ̀ búlúù bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti mumi yó: ẹ dà á sínú páànù tẹ́ ẹ ò ní fi se oúnjẹ mọ́, iná kékeré, títí búlúù á fi padà.