"Gbẹ́rẹ́ lésà" ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká pè é

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. À ń wá orúkọ Yorùbá fún ìtọ́jú kan tí wọ́n ń fi lésà, ìyẹn ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, àti oògùn ṣe fún àpá tó wú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kélọ́ìdì. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "oògùn lésà". Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn. Lésà kọ́ ni oògùn níbẹ̀. Ṣe ló ń sọ omi inú awọ di oru, tí yóò sì lu ihò tíntìntín sójú àpá. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà á wá fi oògùn sí i, kó lè gba ihò wọ̀nyẹn wọlé.

Kí làwọn bàbá wa ń pe kéèyàn ṣí awọ ara díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ẹ̀tù ra ojú ibẹ̀? Gbẹ́rẹ́ ni. Abẹ ni tiwọn, ìtànṣán ni ti dókítà. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa sọ pé wọ́n fi lésà sín in ní gbẹ́rẹ́.

Ẹlòmíì á ní gbẹ́rẹ́ ń rán òun létí oògùn ìbílẹ̀. Ìyẹn ò dà mí láàmú. Èyí tó wúwo lọ́kàn mi ni pé gbẹ́rẹ́ gan-an máa ń di kókó lára ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n lésà náà lè fi àmì dúdú tàbí funfun sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà orúkọ yẹn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun tó dùn mí jù ni "oògùn jẹjẹrẹ" tí ẹnì kan pe 5-FU, ọ̀kan lára oògùn tí dókítà ń fi sí irú àpá bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ. Àmọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pè é bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin, tí etí rẹ̀ yọ kókó lẹ́yìn tó lu ú, ẹkún ló sun délé. Ó rò pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe òun. Jean-Louis Alibert, dókítà ará Faransé, ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí: ní 1806, cancroïde ló pe kélọ́ìdì, torí ó jọ jẹjẹrẹ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yí i padà sí chéloïde, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹ̀mú alákàn, kí wọ́n má baà máa kà á mọ́ jẹjẹrẹ.

Iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe ni kó fún un lórúkọ. 5-FU kì í jẹ́ kí ẹran àpá máa pọ̀ sí i: "adínà-ìdàgbà". Triamcinolone, oògùn mìíràn tí wọ́n ń fi sí àpá, ń mú kó rọlẹ̀: "amápàárọ̀".

Tí wọ́n bá fẹ́ fi oògùn méjèèjì wéra, wọ́n lè fi ọ̀kan sí ìdajì àpá, kí wọ́n fi èkejì sí ìdajì tó kù, lára ẹnì kan náà. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá irú ìfiwéra yẹn mu. Ta ló ní?