Ìdí ọkọ̀ mi ń wọmi jù: ṣé kí n so àpótí ìléfòó mọ́ ọn?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orí omi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́.

Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹsẹ̀ 18. Mo fi ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja lápá Ejirin, mo sì ń kó o wá sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ́ńjìnì agbára ẹṣin 40 tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí 60 four-stroke, èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, torí owó epo. Lóòótọ́ ó ń dá epo sí, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan bí kílò 40 wúwo ju ti àtijọ́ lọ.

Ní báyìí, bí mo bá dá jókòó nídìí ẹ́ńjìnì tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, ìka mẹ́rin péré ló kù kí omi kan ibi tí wọ́n gé sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnì. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń lé ní ìka mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo rí koríko ojú omi níwájú, mo bá dín eré kù lójijì. Ìgbì tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀ lé mi bá látẹ̀yìn, ó da omi sínú ọkọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Apẹ̀rẹ̀ ẹja méjì léfòó kúrò nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, ló ń bá mi gbọ́n ọn. Bó ṣe ń gbọ́n omi ni ọwọ́ rẹ̀ náà ń gbọ̀n. Mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ náà.

Mo rí i nínú fídíò pé àwọn èèyàn ń so àpótí ìléfòó méjì mọ́ ìdí ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ẹ́ńjìnì, ọ̀kan lósì. Wẹ́dà kan níbí ní òun lè fi àlùmíníọ̀mù ṣe é. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó? Ṣé kò ní ba fáíbà mi jẹ́?

Bàbá Fáíbà:
Ẹ kú ewu, àbúrò. Ọpẹ́ ni pé omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Kí a tó yanjú rẹ̀, ẹ má dín eré kù lójijì mọ́. Ẹ rọra dín in, kí ìgbì ẹ̀yìn ti kọjá kí ẹ tó dúró. Ẹ sì gbé epo àti bátìrì kúrò nídìí, ẹ kó wọn síwájú. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún fún pẹtiróòlù tó kílò 18, bátìrì náà kò sì fúyẹ́. Ẹrù méjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ́ńjìnì tuntun fi kún un.

Àpótí ìléfòó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìṣirò rẹ̀ kò le: lítà omi kan tí àpótí bá tì kúrò láyè rẹ̀, kílò kan ló ń gbé. Bí àpótí kan bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 30, lítà 52 àti ààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú omi. Bó bá jẹ́ 20 nínú 30 yẹn ló rì, lítà 35 ni ẹ ní, méjèèjì á jẹ́ 70. Ẹ yọ ìwúwo àpótí àti bọ́ọ̀tì kúrò, ká pè é ní kílò 16. Ó ku 54, ó sì ju 40 yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín ṣe èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Bí ìdí bá gòkè jù, orí ọkọ̀ á máa kì sínú ìgbì, ẹ sì mọ bí ọ̀sà ṣe ń rí bí atẹ́gùn ọ̀sán bá dé.

Wẹ́dà Ìkòròdú:
Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ bàbá. Gíga àpótí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba. Ìka méjì, ó kéré tán, ni kó fi ga jù ú lọ, kí omi lè já kúrò nídìí ọkọ̀ láìkan àpótí nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbé ara sókè tó ń sáré. Mo ti tún ti ẹnìkan ṣe rí, wọ́n so ó sísàlẹ̀ jù. Bó bá ti fi eré sí i, orí ọkọ̀ á walẹ̀, omi á máa tú ká, omi tó ń dé ọ̀dọ̀ pòpẹ́là á dàrú, ẹ́ńjìnì á wá máa han lásán láìfà. Ọjọ́ méjì ni mo fi tú u, tí mo tún un so.

Kí wẹ́dà yín tó lu ihò kankan, ẹ yí ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún sósì dé òpin, kí ẹ sì gbé e sókè pátápátá, kó má baà gbá àpótí. Ẹ ní kó ṣe ihò onídèérí sísàlẹ̀, tí ẹ lè máa ṣí wò bóyá omi ti wọlé. Bó bá jó o tán, kó fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú rẹ̀, kó fi ìfóòfó ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tó jó. Ibi tó bá hó, ibẹ̀ ń jò. Kó má lo ẹ̀rọ afatẹ́gùn àwọn fọkanáísà o, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó lè fà á ya.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Fáíbà ńkọ́? Ihò lílù yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Bàbá Fáíbà:
Ẹ̀rù tó yẹ ni. Pákó wà láàárín fáíbà ìdí ọkọ̀. Bí omi bá rọ́nà dé ibẹ̀, á máa jẹrà nígbà tí òde rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ fi ìdí òòlù lù ú kiri. Pákó tó le á dún kó, kó. Èyí tó ti jẹrà á dún bù, bù. Bó bá dún bù, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn.

Bó bá le, ẹ lu ihò tó fẹ̀ ju bọ́ọ̀tì lọ, ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń le gbagidi, dí i pátá, bó bá gbẹ tán kí ẹ wá lu ihò bọ́ọ̀tì gan-an sáàárín epoxy yẹn. Omi kò ní fojú kan pákó mọ́. Bọ́ọ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò, kí Sikaflex, gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, yí i ká, kí irin pẹlẹbẹ tó nípọn sì wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn nọ́ọ̀tì.

Ìyá Ìbejì Alẹ́ja:
Ọmọ mi, kú ewu omi. Kí o tó náwó, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ọjọ́ tí o gbé ẹ́ńjìnì tuntun sí i gan-an, ṣé ìdí ọkọ̀ wọmi tó báyìí, àbí díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀?

Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo èèyàn ní ẹ́ńjìnì ni. Ìgbà tí a gé pákó ilẹ̀ ọkọ̀ ni a rí i pé fómù tí wọ́n kó sábẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó. Omi òjò tó ń dúró nídìí ló ń wá ọ̀nà wọlé. O tẹ fómù báyìí, omi ń ṣàn jáde bí ìgbà tí èèyàn fún kàn-ìn-kàn-ìn. Àpò ìrẹsì mẹ́fà la fi kó o, ọkùnrin méjì ló ń gbé àpò kan. Mo ti ná owó lórí ẹ́ńjìnì kí n tó mọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ ní Houston:
Ẹ dákun, ẹ má gbára lé àpótí ẹ̀yìn yìí pé òun ni yóò gbà yín là bí omi bá kún ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Níbí ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ yín, onẹ́ńjìnì ẹ̀yìn tí kò tó ẹsẹ̀ 20, ṣe é kó lè léfòó gbọọrọ bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kí àwọn èrò lè wà nínú rẹ̀ títí ìrànwọ́ á fi dé. Fómù tí a fi sókè lábẹ́ etí ọkọ̀, lọ́tùn-ún lósì, ló ń jẹ́ kó dúró déédé. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, ọkọ̀ tó kún lè dojú dé.

Fómù tí kì í mumi ni kí ẹ rà. Èyí funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá da résínì polyester tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà lé e, á yọ́ lójú yín. Epoxy kì í jẹ ẹ́.

Ẹ ò sì mẹ́nu kan aṣọ ìléfòó. Ṣé ọmọ yẹn wọ̀ ọ́?

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
Ó wọ̀ ọ́. Èmi ni kò wọ̀ ọ́, mo fi tèmi ṣe tìmùtìmù. Látọjọ́ náà ni mo ti ń wọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ (ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà):
Ẹ̀yin àgbà, mo padà dé. Mo ro ìbéèrè màmá dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣì tó ìka méje.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé, mo kó epo àti bátìrì síwájú: ìdí ọkọ̀ gòkè ní ìka kan. Lẹ́yìn náà a fa ọkọ̀ sórí iyanrìn, a gbé iwájú rẹ̀ ga, mo sì lu ihò kékeré kan láti ẹ̀yìn, sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé ìdí. Omi tú jáde. Mo rò pé á dá láìpẹ́. Ó ń já tín-ín-rín títí a fi jẹun ọ̀sán tán. Garawa mẹ́ta àti ààbọ̀, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ tí a da epo sí. Fómù tó wà lójú ihò ti pọ́n rúsúrúsú, mo fi ìṣó tẹ̀ ẹ́, ó tún ń sun.

Mo lu ìdí ọkọ̀ bí ẹ ṣe wí. Kó, kó ló ń dún yí ká, àfi abẹ́ bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì lápá òsì. Ibẹ̀ dún bù.

Bàbá Fáíbà:
Ẹ fi owó àpótí pamọ́ ná. Ẹ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, ẹ má gbé 60 lọ sórí omi lórí pákó tó dún bù. Ẹ gé ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ kó gbogbo fómù yẹn jáde, kí inú rẹ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òjò má kàn án. Bí ẹ bá ti tún pákó ìdí ṣe, tí fómù tuntun sì ti wọlé, ẹ dá ẹ́ńjìnì padà, kí ẹ tún wo ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn. Bí kò bá tó ìka mẹ́fà, a ó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ àpótí.

Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́:
A ti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ lánàá, sà. Màmá, ẹ ní àpò mẹ́fà. Tiwa ti pé mẹ́rin, a ò sì tíì gé dé àárín ọkọ̀.