Ojú ìwé 8 ni mo kọ, 9 nínú 30 ni wọ́n fún mi

Ọmọ Bàrígà: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọdún kìíní ni mo wà ní yunifásítì. Pẹ̀lú gbogbo ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò wa, mo jókòó ti asáìnmẹ́ǹtì yìí. Ẹni tó kọ ojú ìwé 4 gba 21! Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn? Ìwé tí wọ́n sì ní ká kà, tí mo bá fi máa dé ìsàlẹ̀, tòkè ti lọ lórí mi.

Àǹtí Yábàá: Àbúrò, kí ni ìbéèrè náà gan-an?

Bàbá Láíbìrì: Má ka ìwé ìwádìí bí ìwé ìtàn. Ka ìsọníṣókí iwájú rẹ̀, fò lọ sí ìkádìí, kí o wá ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn lo máa mọ ibi tó yẹ kó o fara balẹ̀ sí. Bí abala kan bá parí, pa ìwé dé, kọ gbólóhùn 2: kí ló sọ, kí ni ẹ̀rí rẹ̀. Tó ò bá lè kọ ọ́, o ò tíì kà á.

Màmá Sùúrùlérè: Fóònù ni! Ẹ gbé fóònù sílẹ̀!

Bàbá Láíbìrì: Mà, orí fóònù ni ìwé ọ̀hún wà.

Ọmọ Bàrígà: Ìbéèrè náà ni: ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ìlú Èkó ti yí padà láti Marina dé Mile 2 láti 2023. Ìtàn rélùwéè nìkan gba ojú ìwé 5. Mo sì to orúkọ ìwé 6 tí mo lò sí ìparí.

Àǹtí Yábàá: Ojú ìwé 5 yẹn ò dáhùn ìbéèrè. Ìpínrọ̀ kan tó ìtàn. "Ṣe àgbéyẹ̀wò" ń béèrè ìdájọ́ rẹ. Ìpínrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan: owó ọkọ̀, àkókò, bí èèyàn ṣe ń dé ibùdó. Sọ ọ̀rọ̀ náà, mú ẹ̀rí wá, kó o sọ ohun tí ẹ̀rí náà fi hàn. Ìkẹta yìí lẹ máa ń fò.

Ọmọ Bàrígà: Wọ́n tún fi bírò pupa kọ "ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" káàkiri ẹ̀gbẹ́ ìwé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti mú àwọn ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Níbi tí wọ́n kọ "pọ̀ sí i", mo kọ "gbèrú". Ìyẹn kì í ṣe jíjí.

Bàbá Láíbìrì: Háà! Jíjí ni o. Gbólóhùn ẹni tó kọ ọ́ ṣì ni, o kàn pààrọ̀ aṣọ fún un ni. Pa á dé, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, kó o fi orúkọ ìdílé òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́ níbẹ̀ gan-an. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an lo fẹ́ lò, fi àmì àyọlò sí i, kó o kọ ojú ìwé rẹ̀. Títò sí ìparí nìkan ò tó.

Màmá Sùúrùlérè: Mo ní fóònù ni!

Ọmọ Bàrígà: Ẹ ṣé, sà. Ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún máàkì mi?

Àǹtí Yábàá: Má dán an wò. Béèrè bóyá o lè tún un kọ, kó o sì mú ìwé onípupa yẹn dání.