Ìbò igbó ní Florida: 56 nínú 100 gbà á, kí ló dé tí kò wọlé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìwádìí èrò ará ìlú. Ní 2023, Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú ní Amẹ́ríkà, ní 70 nínú 100 ará ibẹ̀ ló fẹ́ kí igbó (marijuana) bófin mu. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Florida dìbò lé e lórí ní November 2024, bíi 56 nínú 100 gbà á, síbẹ̀ kò wọlé. Ṣé irọ́ ni ìwádìí yẹn?

Èsì 1
Kì í ṣe irọ́. Àbá tó bá máa wọ ìwé òfin ìpínlẹ̀ Florida gbọ́dọ̀ rí 60 nínú 100, láti 2006. Inú mi ò dùn sí i rárá, torí ìbò tó sọ ọ́ di 60 gan-an ò pé 58. Igbó fún ìwòsàn pàápàá kùnà níbẹ̀ ní 2014, kó tó rí 71 ní 2016. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, bíi 55 ló gbé tiwọn wọlé ní 2012.

Èsì 2
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbéèrè fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan ni Gallup ń bi èèyàn láti 1969, nígbà tí 12 péré gbà: ṣé kí lílo igbó bófin mu, àbí kó má bá a mu? Ẹni tó ń ro ìyá rẹ̀ tí jẹjẹrẹ ń bá fínra á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kàn fẹ́ mu tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú kan náà ni wọ́n máa kà wọ́n sí. Pew, ilé ìwádìí mìíràn, yà wọ́n sọ́tọ̀ ní 2024: 57 fẹ́ ẹ fún ìwòsàn àti fàájì, 32 fún ìwòsàn nìkan, 11 ò fẹ́ ẹ rárá.

Ìwé ìbò Florida tún ní kúlẹ̀kúlẹ̀: ẹni ọdún 21 sókè, ounce 3 (bíi gíráàmù 85), kí àwọn ilé tó ti ń ta ti ìwòsàn máa tà á. Kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbìn ín sílé. Ẹni tó fẹ́ràn igbó gan-an lè torí ìyẹn kọ̀ ọ́.

Èsì 3
Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n bi. Bíi 1,000 èèyàn tó ti pé ọdún 18 ni Gallup máa ń pè lórí fóònù, yálà wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò tàbí wọn ò forúkọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló fẹ́ igbó jù, àwọn arúgbó ló ń jáde dìbò jù. Iye tí Gallup bá rí sì lè fi 4 nínú 100 lọ sókè tàbí sílẹ̀, nítorí náà tí 70 bá di 68 bó ṣe rí ní 2024, ẹ má tíì pè é ní àyípadà.