Ọ̀gá wa tó wọ inú apá bàálù

Ẹ ní kí oníkálukú sọ ti ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí kò lè gbàgbé. Tèmi kú lóṣù tó kọjá, mo sì wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù lẹ́nu mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nípa àwọn Àgùdà: wọ́n ń bọ ère, wọ́n ń mutí, wọ́n ń ké pe Màríà bí ẹni ń pe òrìṣà. Ẹrù yẹn ni mo rù dé Kalifóníà ní 2004, tí mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan nítòsí Long Beach tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara bàálù. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ìlú tó mọ bàálù ni ìlú yẹn. Ní 1941 ni Douglas, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bàálù nígbà náà, ṣí ilé iṣẹ́ ràgàjì sí etí pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀, ẹ sì lè rí ìdílé tí ìyá àgbà, ìyá àti ọmọ ti kan ìṣó mọ́ bàálù rí. Nígbà tí mo dé, C-17 ni wọ́n ń tò níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ológun tó lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 77. Lára ohun tí àwa ń ṣe ń lọ sínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn igbákejì ààrẹ iléeṣẹ́ wa ni ọkùnrin náà. Òyìnbó gàgàrà, orí funfun, ọmọ méje. Lọ́jọ́ tó wá kí àwa tuntun, ó ní ká máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni! Ó rí i pé mò ń kólòlò, ó bi mí pé kí ni a ń pe irú òun nílé wa. Mo ní "Bàbá." Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún kan tí àwọn ará Mẹ́síkò àti ará Filipíìnì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fi ń pè é ní Bàbá, tí wọn ò mọ èdè ẹni tí wọ́n ń sọ.

Tó bá ń rìn lọ láàárín wa, ọwọ́ kan máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, nǹkan á sì máa ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀. Mo yọjú rí i lọ́jọ́ kan. Tẹ̀sùbáà ni mo rò pé ó jẹ́. Oṣù mélòó kan ni mo fi gbà pé Mùsùlùmí ni, tí mo ń ṣọ́ bóyá yóò gbààwẹ̀, àfi lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú tó wọlé tòun ti eérú níwájú orí. Rósárì ni, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn Àgùdà, òun àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló jọ ń gbé àpò kan náà.

Ohun tó mú mi mọ̀ ọ́n nìyí. Níbi iṣẹ́ wa, gbogbo irinṣẹ́ ló ní ojú ihò tirẹ̀ nínú àpótí. Tí ọwọ́ bá fẹ́ dá, tí ojú ihò kan sì ṣófo, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Irin kékeré tó bá sọnù sínú apá bàálù lè lọ há síbi tí nǹkan ti ń yí lókè réré, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi máa bẹ́yìn yọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2007, ojú ihò tó ṣófo jẹ́ tèmi. Orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, irin tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, kò ju àtàǹpàkò lọ.

Kí n má purọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí n sáré ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù, kí n tì í bọ ihò náà. Kò tó ogún dọ́là. Mo tiẹ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo yí padà, mo lọ jẹ́wọ́ fún alábòójútó wa. Ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohun tó sọ sí mi.

A wá a títí. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Bàbá wọlé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gba iná àti dígí onígi tí a fi ń wo kọ̀rọ̀, ó sì wọ inú apá náà láti ojú ihò tí àwa tó kéré sí i ń rojú àtiwọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta. Mo gbọ́ tó ń kùn nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá ó pè mí, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ṣe látìgbà tí mo ti jẹun ọ̀sán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n má fò kankan. Mo ń sọ ọ́, ó ń fi iná tọ̀ ọ́. Mo débi tí mo ti na ọwọ́ òsì nítorí pé ọ̀tún ti ń ro mí, ó ní "Dúró níbẹ̀." Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ìgbànú irin kan.

Nígbà tó jáde, mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní Antóníọ̀ Mímọ́ ti Padua, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ bí nǹkan bá sọnù. Mo ní ṣé Antóníọ̀ ló rí i ni àbí dígí? Ó ní bí Antóníọ̀ bá fẹ́ gba ọpẹ́, kó wá bá wa kọ ìwé ẹ̀sùn tó kù, torí ojú ewé mẹ́fà ni.

Kò lé mi. Ohun tó ṣe burú jùyẹn lọ lójú mi nígbà náà: ó ní kí n máa dúró níwájú àwọn tuntun ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí n sọ ìtàn sọ́kẹ́ẹ̀tì, títí kan ti ṣọ́ọ̀bù. Mo bínú sí i fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Àwòrán kan wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ilé tí àwọn áńgẹ́lì gbé sójú sánmà. Ó ní ilé Màríà ni, láti Násárẹ́tì, pé ìtàn wọn ní wọ́n gbé e fò títí ó fi balẹ̀ sí Loreto ní Ítálì ní 1294. Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí rèé tí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún fi sọ Màríà ti Loreto di alábòójútó àwọn awakọ̀ òfuurufú ní 1920, àti pé ilé yẹn nìkan ni òun mọ̀ tó fò tí kò béèrè ẹ́ńjìnnì.

Ibì kan wà tí mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì tíì gbà títí dòní. Ó rí i pé mò ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méje láàárín ọ̀sẹ̀. Ó bi mí pé kí lorúkọ tíṣà àbíkẹ́yìn mi. Mi ò mọ̀. Ó yọ Sátidé kúrò lórí ìwé iṣẹ́ mi fún oṣù méjì. Owó páànù ilé bàbá mi ni Sátidé yẹn! Ìyàwó mi fi èébú ránṣẹ́ sí i, èmi ni mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tówó oṣù rẹ̀ pọ̀ ló lè sọ fún èèyàn pé kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ tíṣà yẹn báyìí, mo sì mọ ibi tó ń jókòó.

Ìgbà tí mo rí Bàbá gbẹ̀yìn níta ni 29 Oṣù Kọkànlá 2015, nígbà tí C-17 tó gbẹ̀yìn nínú 279 gbéra kúrò ní Long Beach. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ńtì ni, ìgbà tí wọ́n ń múra de Kérésìmesì, láti ibi Mísà ló ti wá, ọmọ-ọmọ kan wà léjìká rẹ̀. Bàálù náà lọ, gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Òun kò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

Lálẹ́ tó ṣáájú ìsìnkú, wọ́n ka Rósárì níwájú pósí. Wọ́n fún èmi Onítẹ̀bọmi ní ìlẹ̀kẹ̀, mo ṣìnà níbi ẹ̀ẹ̀kejìlá. Bí a ti ń jáde, obìnrin kan dì mí lọ́wọ́ mú, ọmọ Bàbá karùn-ún ni. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé ìwọ ni Sọ́kẹ́ẹ̀tì?" Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní 2007.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Àgùdà Ìsàlẹ̀ Èkó ni wá nílé tiwa, a kì í bọ ère o! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá mi máa ń tan àbẹ́là fún Antóníọ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé ló sì máa ń wá jù. Ẹ wá sọ fún wa, kí lẹ dá ọmọ náà lóhùn?

*

Àbúrò, ẹ ṣé. Mo ní èmi ni. Mo tọrọ àforíjì lórí kéèkì tó tutù. Ó ní wọ́n dúró de bàbá òun, wọn ò gé e títí ó fi dé.